Ẹ̀kán òróró mélòó ni ètè lè gbà?

Ìyá Ìbejì kan tó ń gbé ní Kubwa, ní Àbújá níbí, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́. Mo gé e kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń fi òrí, ìda oyin àti òróró àgbọn se ìpara ètè fún ará ilé mi, torí ọyẹ́ ibí kì í fi ètè ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ rí i, wọ́n ní kí n máa tà á fún àwọn. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kí n jẹ́ kó ní òórùn dídùn. Mo ra essential oil méjì ní Wuse, peppermint àti cinnamon. Nínú ìpara 100 gíráàmù, mo kán peppermint lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́nà mẹ́wàá, ìyẹn ẹ̀kán 30, mo sì kán cinnamon 20. Gbogbo wọn ló ń yìn ín pé ó ń ta ètè fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, pé ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn pè mí pé ètè òun wú, ó ń yún òun, ó sì ń bó. Àyà mi já. Ṣé ayédèrú òróró ni wọ́n tà fún mi ni, àbí ara tirẹ̀ ni kò gba nǹkan? Ohun tí Ọlọ́run dá sínú ewé, ṣé ó tún lè ṣe èèyàn níbi? Ẹ̀kán mélòó gan-an ló yẹ kí n máa kán? Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún kan àtààbọ̀, ṣé mo lè fi kùn wọ́n lẹ́nu?”

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọmọ, ẹ sì kú ọyẹ́. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń se ọṣẹ àti ìpara ní Karu níbí, ìwọ̀nba kẹ́mísírì tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ sì ni mo ń jẹ títí di òní. Mo rí i nínú ọ̀rọ̀ yín pé kì í ṣe iye ẹ̀kán nìkan ló ń jẹ yín lọ́kàn. Ẹ ń bẹ̀rù pé ẹ ti ṣe ọmọlọ́mọ léṣe, ẹ sì ń wá ẹni tí ẹ máa gbé ẹjọ́ rẹ̀ lé lórí, bóyá ẹni tó ta òróró fún yín ni, bóyá obìnrin tí ètè rẹ̀ wú ni. Ẹ jẹ́ ká fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ ná. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bí ẹ ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, òróró yẹn lè jẹ́ ojúlówó, ara obìnrin náà sì lè dá ṣáṣá, kí ètè rẹ̀ ṣì wú. Cinnamon yẹn ni mo fura sí, iye tí ẹ kán sí i ni mo sì tún fura sí.

Ohun tó wà nínú ìgò kékeré yẹn kì í ṣe òróró bí òróró ẹ̀pà tàbí àdí. Ẹni tó ń ṣe é máa kó ewé tàbí èèpo igi rẹpẹtẹ sínú ìkòkò ńlá, á jẹ́ kí oru omi gba àárín rẹ̀ kọjá, oru yẹn á gbé òórùn ewé dání bó ṣe ń lọ, á wá gba inú páìpù tó tutù kó tó padà di omi. Òróró fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá léfòó sórí omi náà ni wọ́n ń rọ sínú ìgò. Ewé mint tútù kìló mẹ́wàá lè má mú òróró tó ìdajì ife tíì jáde. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Ọlọ́run ló dá ewé, òótọ́ ló sọ, àmọ́ Ọlọ́run ò dá a sínú ìgò. Ẹ̀kán kan tí ẹ kán, ọ̀pọ̀ ewé ló dúró fún. Wèrèpè náà, ewéko ni. Ata rodo náà, ewéko ló so ó, kò sì sẹ́ni tó ń lọ̀ ọ́ kun ojú.

Ètè wá yàtọ̀ sí ibi yòókù lára. Awọ tó bò ó fẹ́lẹ́, kò ní ibi tí òógùn ń gbà jáde, kò sì ní irú ọ̀rá tí awọ iwájú orí máa ń tú síta fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti Sàhárà bọ̀ fi máa ń kọ́kọ́ mú un kí ó tó mú ẹrẹ̀kẹ́. Bó bá ti gbẹ, a óò máa lá a, itọ́ yẹn á fẹ́ lọ, á tún mú omi inú awọ dání, ètè á wá gbẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tó bá sì wà lórí ètè, ẹnu ló ń bá lọ. Ẹni tó ń kun ìpara lẹ́ẹ̀mẹ́fà lójúmọ́ ń gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì pẹ̀lú àkàrà àti tuwo. IFRA, ìyẹn ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń ṣe òórùn dídùn, pín ohun tí èèyàn ń fi para sí ìsọ̀rí ìsọ̀rí, ohun tí à ń fi sí ètè sì wà nínú ìsọ̀rí kìíní. Ìwọ̀n tí apá tàbí ẹsẹ̀ á gbà láìwí nǹkan kan, ẹ má ṣe gbé e wá sétè.

Ẹ ní àwọn oníbàárà yín ń yìn ín pé ó ń ta. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń bá àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi jà lé lórí jù. Ohun tó wà nínú peppermint, mẹ́ńtọ́lì, kì í mú ètè tutù. Ẹ̀ya ara tó ń sọ fún ọpọlọ pé “òtútù dé” ló ń fọwọ́ bà, ọpọlọ á sì gbà pé òtútù dé lóòótọ́. Ẹ gbé ọwọ́ lé ètè náà, ẹ ó rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bó ṣe wà. Cinnamon ní tirẹ̀, ṣe ló ń yọ awọ lẹ́nu. Ara á da ẹ̀jẹ̀ síbẹ̀, ètè á pọ́n díẹ̀, á wú díẹ̀, àwọn kan á wá ní ó ti lẹ́wà. Wọ́n tiẹ̀ ń tà á nílùú òyìnbó fún ẹni tó fẹ́ kí ètè òun nípọn. Àmọ́ ìdí tí ètè fi ń là nínú ọyẹ́ ni pé kò ní ọ̀rá àti omi tó. Mẹ́ńtọ́lì kì í ṣe ọ̀rá, cinnamon kì í ṣe omi. Òrí àti ìda oyin ló ń ṣe iṣẹ́ náà nínú ìpara yín, òróró méjèèjì yẹn kàn wá ṣe ọ̀ṣọ́ ni.

Ẹ tún bi mí, láàárín ìlà, ìdí tó fi jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, àti ìdí tó fi jẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀nà méjì ni òróró yìí máa ń gbà ṣe èèyàn. Ti àkọ́kọ́ dà bí iná: ó pọ̀ jù, ó jó o, ojú ẹsẹ̀ ni wàá mọ̀. Èkejì dà bí ọlọ́pàá tó há orúkọ olè sórí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ara rí i, kò ní sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ṣá, ara á pinnu pé ọ̀tá ni nǹkan yìí, láti ọjọ́ náà lọ, bó bá ti fojú kàn án, bó tilẹ̀ kéré, ètè á yún, á wú, á bó. Kì í gbàgbé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti kọ cinnamon báyìí lè máa rí ìjàngbọ̀n nínú ṣingọ́ọ̀mù, nínú ọṣẹ ìfọyín, nínú bisikíìtì, fún ìyókù ayé rẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó lórí awọ ni iye ènìyàn tí ara wọn máa kọ̀ ọ́ ṣe ń pọ̀ tó, cinnamon ló sì wà lára àwọn tó ń dá irú èyí sílẹ̀ jù lọ. Kànáfùrù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ agbára kànáfùrù, torí ẹni tí eyín ń dùn máa ń há a mọ́ ibi tó ń dùn ún, ibẹ̀ á sì kú tipiri. Ohun tó lè pa ìrora eyín kì í ṣe ohun tí a ń kán láìwọ̀n.

Ohun kan tún wà tí kì í dun òyìnbó tó bó ṣe ń dùn wá. Lára èèyàn dúdú, ibi tí awọ bá ti gbóná tó sì bó, dúdú ló máa ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá san. Mo ti rí ọmọbìnrin tí ètè rẹ̀ pọ́n dáadáa, tó ra ohun tí wọ́n ní á jẹ́ kó túbọ̀ pọ́n, tó wá fi oṣù mẹ́jọ máa bá àmì dúdú tó yí ẹnu rẹ̀ ká jà. Ẹ sọ fún oníbàárà yín kó má ṣe ha á, kó má fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kó má sì fi nǹkan mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Òrí lásán tó, tàbí fasilíìnì.

Síbẹ̀, mi ò sí lójú ètè obìnrin náà, mi ò lè búra pé ìpara yín ni. Ní oṣù kẹrin ọdún kan, oníbàárà mi kan wá bá mi nílé, ẹnu rẹ̀ wú, ó fi ike ìpara mi lé orí tábìlì bí ẹni fi ìwé ìpẹ̀jọ́ lélẹ̀. Mo ní, mà, ìpara yìí ò lóòórùn, òrí àti ìda ni. Ó ní irọ́. Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo rí i pé ìka rẹ̀ náà ń bó, mo wá bi í bóyá ó ti ń jẹ máńgòrò. Ó ní wọ́n fún àwọn ní odindi àpò kan láti Benue, eyín ló sì fi ń bó èèpo. Oje tó wà lára èèpo máńgòrò nìyẹn. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ irú ìbéèrè tí ẹ máa bi í: ṣé ó pààrọ̀ ọṣẹ ìfọyín, ṣé ó ra lipstick tuntun, ṣé ó máa ń lá ètè, ṣé ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ tí egbò kéékèèké sì yọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá jẹ́ igun ẹnu méjèèjì nìkan ló là, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bí ó bá dáwọ́ ìpara yín dúró, tí kò sì lọọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kó lọ rí dókítà awọ ara. Bí ojú tàbí ahọ́n bá wú, tàbí tí mímí bá di wàhálà, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ kankan, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀kán. Ìyá Ìbejì, ẹ̀kán kì í ṣe òṣùwọ̀n. Mo jókòó lọ́jọ́ kan, mo gbé ike kékeré sórí sìkéèlì irú èyí tí àwọn oníwúrà ń lò, mo kán ogún ẹ̀kán láti inú ìgò kan, ó wọ̀n 0.5 gíráàmù. Mo nù ún, mo kán ogún mìíràn láti inú ìgò ilé iṣẹ́ mìíràn, òróró kan náà, ó wọ̀n 0.9. Ẹnu ìgò ló yàtọ̀: ọ̀kan ní ihò tóóró, èkejì ní ihò tó gbòòrò. Bí ẹ bá fi ìgò kejì sínú oòrùn kí ẹ tó kán an, ìwọ̀n náà á tún yí padà. Gbogbo àkọsílẹ̀ tí ẹ bá rí tó ní “kán mẹ́wàá, kán mẹ́ẹ̀ẹ́dógún”, láìsọ iye gíráàmù ìpara àti iye gíráàmù òróró, ẹ kà á sí ìtàn àlọ́.

Ẹ jẹ́ ká wọn tiyín wò. Ogún ẹ̀kán cinnamon yín á wọ̀n láti 0.5 dé 0.9 gíráàmù nínú ìpara 100. Cinnamon tí wọ́n fà láti ara èèpo igi, ìwọ̀n tí àwọn tó mọ̀ nípa ààbò òróró yìí ń fún awọ ara kò ju 0.07 gíráàmù nínú 100 lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ kán, ó kéré tán, ó jẹ́ ìlọ́po méje ohun tó yẹ, ó sì lè tó ìlọ́po mẹ́tàlá. Kànáfùrù ń dúró ní 0.5 nínú 100, lórí awọ ara lásán, kì í tiẹ̀ ṣe ètè. Ní ti peppermint, ọgbọ̀n ẹ̀kán yín á tó nǹkan bíi gíráàmù kan nínú 100. Kò burú tó ti cinnamon, àgbàlagbà púpọ̀ ló máa fara dà á, àmọ́ fún ètè tó ti là tẹ́lẹ̀ nínú ọyẹ́, ó pọ̀ lójú tèmi. Èmi kì í kọjá 0.5, lọ́pọ̀ ìgbà 0.3 ni mò ń lò, òórùn rẹ̀ sì ń jáde dáadáa torí abẹ́ imú gan-an ni ètè wà. Cinnamon ní tèmi, mi ò fi sínú ohun ètè mọ́ rárá. 0.07 gíráàmù, ta ló fẹ́ wọ̀n ìyẹn nínú ilé ìdáná?

Bí sìkéèlì yín kò bá lè wọn nǹkan kékeré, ọgbọ́n kan rèé tó ti yọ mí. Ẹ wọn peppermint gíráàmù 1, ẹ da á pọ̀ mọ́ òróró àgbọn gíráàmù 9 nínú ìgò dúdú tó gbẹ, ẹ mì í pọ̀. Ẹ ti ní àdàlù tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá péré ló jẹ́ peppermint. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ se ìpara 100 gíráàmù, ẹ wọn 5 gíráàmù nínú àdàlù yìí, ẹ ti fi 0.5 sí i nìyẹn. Ẹ wọn 3, ẹ ti fi 0.3 sí i. Sìkéèlì ìdáná tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan lè wọn àdàlù yìí, bó bá sì ṣì díẹ̀ níbẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣìnà náà ló máa wọ ètè. Ẹ yọ iye gíráàmù yẹn kúrò lára òróró àgbọn tó yẹ kẹ́ ẹ lò tẹ́lẹ̀, kí ìpara má bàa rọ̀ jù.

Ìgbà tí ẹ bá dà á sí i ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Ìda oyin kì í yọ́ kí ooru tó dé nǹkan bí 62 sí 64 lórí òṣùwọ̀n Celsius, torí náà òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ́, nínú abọ́ tí ẹ gbé sínú omi gbígbóná, kì í ṣe lórí iná tààrà. Òróró àgbọn tẹ̀ lé e, òrí ló kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sì sọ abọ́ náà kalẹ̀. Bí ẹ bá da peppermint sí i nígbà tó ṣì ń hó, ilé yín ló máa gbọ́ òórùn, ètè ò ní rí nǹkan kan, ojú yín á sì máa ta. Ẹ dúró títí eteetí abọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, bí ìgbà tí ògì bá fẹ́ dì. Àkókò yẹn gan-an ni. Ẹ dà á sí i, ẹ rò ó fún ìṣẹ́jú kan gbáko láìkánjú, ẹ yára rọ ọ́ sínú ike. Ẹni tí kò bá rò ó dáadáa, ike àkọ́kọ́ ò ní lóòórùn, èyí tó rọ kẹ́yìn ló máa kó gbogbo òróró, oníbàárà tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ á wá rò pé ata ni. Bí òrí bá wá di wóró wóró bíi gààrí lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìrọra tutù rẹ̀ ló fà á. Kò bàjẹ́.

Nípa ohun tí ẹ lè kán àti ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ kán, ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọsàn mímu dára, òórùn rẹ̀ dùn, oòrùn ò sì ń bá a jà. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti lemon kò rí bẹ́ẹ̀. Òróró tí wọ́n fún láti ara èèpo wọn ní ohun kan nínú, bí oòrùn bá pa á lórí awọ, ibẹ̀ á jó bí ẹni pé omi gbígbóná dà sí i, àmì dúdú á sì kù. Bergamot, irú ọsàn kan, burú ju àwọn méjèèjì lọ. Èyí tí wọ́n fi oru omi gbé jáde kò ní ìṣòro yìí, àmọ́ mélòó nínú àwọn tó ń tà á ló lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe ṣe é? Nínú oòrùn Àbújá, mo ní kẹ́ ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Wintergreen, òróró ewé kan, bí ẹ bá tilẹ̀ rí i, ẹ sá fún un. Ó tan mọ́ aspirin, ó sì lágbára débi pé ṣíbí tíì kan tó bá wọ ọmọdé nínú lè gbẹ̀mí rẹ̀. Tea tree, òróró ewé mìíràn, àwọn kan máa ń fi sí orí tó ní lápálápá, àmọ́ kò dára ní gbígbé mì, kí ló wá fẹ́ wá sétè?

Àwọn mìíràn máa ń lo flavour tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì, kí wọ́n lè yẹra fún wàhálà. Omi àti ọtí ló gbé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, omi ò sì ń bá ìda oyin rẹ́. Ẹ ó rí i bí ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké nísàlẹ̀ ike. Òórùn olówó kékeré tí àwọn onítùràrí máa ń rọ sínú ìgò kékeré, tí wọ́n ń ta fún aṣọ àti ara, ẹ má tiẹ̀ gbọ́ pé ẹnìkan fi sí ètè. Bí ẹ bá ra ojúlówó, ara ìgò gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ewéko náà bí àwọn onímọ̀ ṣe ń kọ ọ́, bíi Mentha piperita, ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n mú un lára igi náà, bóyá ewé ni, bóyá èèpo. Ẹ kán ẹyọ kan sórí bébà funfun kẹ́ ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà títí dọjọ́ kejì. Peppermint tí kò ládàlù á fò lọ pátápátá tàbí kó kù díẹ̀. Bó bá fi àmì ọ̀rá tó ń dán sílẹ̀ bíi ti bébà àkàrà, òróró ìsebẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àdánwò yìí kì í mú gbogbo olè o, torí àwọn kan ń fi nǹkan mìíràn tó ń fò lọ bẹ́ẹ̀ náà là á.

Ooru ìlú yìí náà ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Òróró ọsàn àti tea tree tí ìgò wọn ti ṣí fún ìgbà pípẹ́, tí oòrùn ń rí, afẹ́fẹ́ máa ń yí wọn padà, wọ́n á wá máa yọ awọ lẹ́nu ju ìgbà tí wọ́n tuntun lọ. Ìgò tó ti jókòó lórí tábìlì nínú oòrùn láti oṣù kẹta, kì í ṣe ohun tí ẹ máa bá nílé ìtajà ló wà nínú rẹ̀ mọ́. Inú fíríìjì ni mo ń kó tèmi sí, bí kò bá sí iná, àpótí onígi nínú yàrá tó tutù náà tó. Mo ń kọ ọjọ́ tí mo ṣí i sára ìgò.

Ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Rárá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, mẹ́ńtọ́lì, káfúrà àti eucalyptus ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ imú tàbí ẹnu rẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ká mọ́ ara rẹ̀ lójijì bí òórùn líle yìí bá bá a, kí mímí sì dúró. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá àgbà wa ń fi róòbù pa ọmọ níhò imú, ọ̀pọ̀ ọmọ sì yè é, ìyẹn ò sọ ọ́ di ohun tó yẹ ká ṣe. Òrí nìkan ni kẹ́ ẹ fi kùn wọ́n, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, kẹ́ ẹ sì nu itọ́ kúrò lẹ́nu wọn kó tó gbẹ. Ìgò òróró yẹn fúnra rẹ̀, ibi tí ọmọ ò lè gùn dé ni kó wà. Bí ọ̀kan bá gbé e mu, ẹ má fi epo pupa tàbí ìka mú un bì, nítorí ó lè gba ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ẹ gbé ọmọ àti ìgò náà, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn. Aláboyún àti ẹni tó ń fún ọmọ lọ́mú tó bá wá ra ìpara lọ́wọ́ yín, èyí tí kò lóòórùn ni kẹ́ ẹ tà fún un.

Ṣé kẹ́ ẹ wá máa fi òórùn sí i tàbí kẹ́ ẹ má fi sí i mọ́? Bó bá jẹ́ èmi, oríṣi méjì ni mo máa ṣe. Ọ̀kan á wà láìlóòórùn rárá. Èkejì, bọ́tà kòkó ni mo máa fi rọ́pò ìlàjì òrí, irú èyí tí wọn ò tíì yọ òórùn rẹ̀ kúrò, á máa rùn bíi ṣokoléètì láìsí ẹ̀kán kankan. Ó le ju òrí lọ, ẹ dín ìda kù. Àwọn tó bá ní dandan, mint làwọn fẹ́, ẹ ṣe tiwọn lọ́tọ̀ ní 0.3, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ike pé mint wà nínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi kun inú ìgúnpá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ẹni tí ìgúnpá rẹ̀ ò wí nǹkan kan ṣì lè rí ìjàngbọ̀n lọ́jọ́ iwájú, ẹ má fi dá wọn lójú jù. Ẹ kọ ìwọ̀n àti ọjọ́ gbogbo ohun tí ẹ bá sè sínú ìwé kan. Bí títà yìí bá sì ti kúrò ní ti ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, NAFDAC ló ń forúkọ ohun ìpara sílẹ̀ kó tó dé ọjà, ìwé yẹn á wúlò fún yín níbẹ̀.

Ẹ pe obìnrin náà lónìí. Ẹ sọ ohun tó wà nínú ìpara fún un gan-an, ìwọ̀n rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, kó lè rí nǹkan sọ fún dókítà. Ẹ dá owó rẹ̀ padà, kẹ́ ẹ sì gba ìyókù lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ́kù, bí wọ́n tilẹ̀ ní kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo mọ̀ pé ẹ máa rò ó pé kẹ́ ẹ tún un yọ́, kẹ́ ẹ fi òrí tuntun là á. Mo ṣírò rẹ̀ fún yín: 70 gíráàmù tó bá kù nílé, ó lè gbà tó 900 gíráàmù ìpara lápapọ̀ kí cinnamon inú rẹ̀ tó dé 0.07, ẹ ó sì ti fọ́n ohun kan náà ká fún èèyàn tó pọ̀ sí i. Bàtà aláwọ tí ọyẹ́ ti sọ di eruku ni kẹ́ ẹ fi kùn. Ẹ fi àkísà gbígbẹ nù ún lẹ́yìn náà, ó ń dán ju pólíìṣì lọ.